Ohun tí Odò Ògùn Ń Kó Wá Bá Ọ̀sà

Bí òjò bá ti rọ̀ títí tí oṣù Kẹsàn-án fi wọlé, tí odò Ògùn sì ti kún dé ẹnu, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tí ń gba orí afárá kọjá ní Èkó Àrómisá: wọn a wo ọ̀sà, wọn a rí i pé ó ti pọ́n rúsúrúsú, wọn a sì ní omi náà ti dọ̀tí. Bí ó bá di oṣù Kejì, tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti jẹ́ kí òkun ya wọ inú ọ̀sà, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ti mọ́lẹ̀, àwọn kan náà ni yóò tún yìn ín pé ó ti mọ́ tónítóní. Èmi kò lè bá wọn dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ojú ń rí lára omi kọ́ ni gbogbo ohun tí ó wà nínú omi: púpọ̀ nínú pípọ́n ìgbà òjò jẹ́ oúnjẹ tí igbó fi ránṣẹ́ sí ọ̀sà, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó léwu jù lọ nínú omi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lè ṣe aláìní àwọ̀ kankan.

Orí ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, igi a wọ́wé, ewé a sì kó jọ sí abẹ́ igbó àti inú àbàtà tí ó ti gbẹ, òun pẹ̀lú pòròpórò àgbàdo, èèpo igi, ìgbẹ́ ẹran àti èédú igbó tí àwọn ọdẹ ti sun. Wọn a wà níbẹ̀, nítorí kò sí omi tí yóò gbé wọn lọ. Òjò àkọ́rọ̀ oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin ni ń wá ṣe sí wọn ohun tí omi ń ṣe sí ewé àti egbò nínú ìkòkò àgbo: a fa agbára wọn jáde, a gba àwọ̀ wọn, a sì gbé èyí tí ó ti yòrò lọ sínú odò. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Ewé tí ó pẹ́ nínú àbàtà a di ara omi, èédú pàápàá kò sì gbẹ́yìn, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni òun náà ń yòrò. Ìdí nìyí tí omi àkọ́kún fi sábà máa ń ṣókùnkùn ju ti ìgbà tí òjò bá ti fọ ilẹ̀ fún oṣù mélòó kan.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i kò nílò ju ìgò kan lọ. Kí ó bu omi Ògùn sínú rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún, kí ó gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹrẹ̀ yóò rọ̀ sí ìdí ìgò. Bí ó bá sì fi asẹ́ tí ó kúnná sẹ́ ìyókù, èyí tí ó ṣẹ́kù nínú ẹrẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ asẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé omi tí ó kán sí ìsàlẹ̀ síwájú aṣọ funfun, yóò rí i pé ó ṣì pọ́n díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ọwọ́ lè tẹ̀ nínú rẹ̀. Asẹ́ àwọn onímọ̀ ní ihò tí kò tó ìdá kan nínú 1,000 mílímítà, síbẹ̀ pípọ́n náà ń gba ibẹ̀ kọjá. Wọn a wá kán díẹ̀ nínú omi náà sínú ẹ̀rọ tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 680 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí gbogbo ohun tí ó ti ara ewé, ẹran tàbí ènìyàn wá lè jó di afẹ́fẹ́ kan náà tí à ń mí síta. Iye afẹ́fẹ́ yìí ni wọ́n fi ń mọ iye kábọ̀n tí ó yòrò sínú omi. Ẹ jọ̀wọ́, kí a má ṣe da ẹrẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀ṣun, ìyá olóòyà iyùn, tí ó ṣẹ̀ ní Ìgèdè-Èkìtì tí ó sì gba Òṣogbo kọjá, ti pọ́n láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn nítorí àwọn tí ń wa wúrà lápá òkè rẹ̀. Ẹrẹ̀ ni ìyẹn, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì ti wá.

Ẹ̀bá Ṣakí ni odò Ògùn ti ṣẹ̀. Ó gba ilẹ̀ ọ̀dàn Ọ̀yọ́ kọjá kí ó tó wọ Abẹ́òkúta, ilẹ̀ Lísàbí, kí ó tó wá tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú àbàtà Ìṣẹ̀rì. Kò rí bí odò Congo, tí apá kan rẹ̀ wà lókè ìlà agbedeméjì ayé, tí apá kejì wà nísàlẹ̀, tó fi jẹ́ pé òjò kì í tán ní ìhà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ògùn ti gbára lé òjò ìhà kan ṣoṣo, nítorí náà bí ó bá kún a ya bo ilẹ̀, bí ó bá sì fà, yanrìn inú rẹ̀ a hàn síta. Oṣù Kẹsàn-án àti Ìkẹwàá ni ó ń kún jù, lẹ́yìn tí òjò apá òkè ti rọ̀ kánrin; àbàtà etí rẹ̀ a wá rì sínú omi, a sì tún dá ìpín tirẹ̀ kún ohun tí odò ti gbé bọ̀. Ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983 lórí odò tí ń ṣàn sínú Ògùn, náà dá sí i, nítorí omi tí a sé mọ́lẹ̀ fún oṣù púpọ̀ a ti pẹ́ lábẹ́ oòrùn kí a tó tú u sílẹ̀, ọjọ́ tí a sì tú u, ènìyàn ni ó yàn án, kì í ṣe òjò.

Ibi tí odò àti òkun ti pàdé gan-an ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Omi òkun ní nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ nínú kílò kan, ó sì wúwo ju omi odò lọ. Nítorí náà, ní ìgbà òjò, omi pípọ́n ni ń ṣàn jáde lókè ní ẹnu ọ̀nà òkun l'Ékòó, nígbà tí omi iyọ̀ ń yọ́ wọlé nísàlẹ̀. Níbi tí méjèèjì bá ti ń pòpọ̀, iyọ̀ a mú kí díẹ̀ nínú ohun tí ó ti yòrò tún dì pọ̀, kí ó di èérún wẹ́wẹ́, kí ó sì rì. Onímọ̀ kan, Edward Sholkovitz, fi èyí hàn ní 1976 pẹ̀lú omi àwọn odò ilẹ̀ Scotland: nígbà tí ó da omi òkun mọ́ wọn, irin inú wọn dì púpọ̀púpọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ péré nínú ohun tí ó ti ara ewé wá ni ó bá a dì. Èyí tí ó pọ̀ jù di ti oòrùn àti ti bakitéríà. Oòrùn ilẹ̀ wa a máa já a sí wẹ́wẹ́, a sì máa bó o láwọ̀. Bakitéríà a jẹ wẹ́wẹ́ náà, àwọn ẹranko tíntìntín inú omi a jẹ bakitéríà, edé a jẹ wọ́n, ọ̀bọ̀kún a sì jẹ edé, títí ọ̀rọ̀ yóò fi dé inú agbọ̀n àwọn ìyá ẹlẹ́ja.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni èyí kàn. Gbogbo odò ayé ń kó nǹkan bí mílíọ̀nù 250 tọ́ọ̀nù kábọ̀n tí ó ti yòrò lọ sínú òkun lọ́dọọdún, àwọn odò ilẹ̀ olóoru ni ó sì ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù. Irú kábọ̀n yìí tí ó wà nínú òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí ó wà nínú gbogbo afẹ́fẹ́ tí ó yí ayé ká, síbẹ̀ ohun tí àwọn onímọ̀ ń bá ní agbami tí ó ti inú igbó wá kéré jọjọ. Ẹnu odò àti etíkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń tán sí, tí kábọ̀n rẹ̀ sì ń padà sínú afẹ́fẹ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni ó wá ń tú àṣírí wa. Bí Ògùn bá ti fà, òkun a wọlé, koríko ojú omi tí ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò a sì kú. Àlejò ni koríko náà, kì í ṣe ojúoró, kì í ṣe òṣíbàtà tí àwọn baba wa mọ̀. Láti ìhà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni ó ti gba Àgbádárìgì wọlé ní nǹkan bí 1984. Iyọ̀ a pa á, a jẹrà, a sì tú ohun inú rẹ̀ sínú omi. Nígbà kan náà, níwọ̀n bí kò ti sí pípọ́n tí yóò dí ìmọ́lẹ̀ mọ́, ewéko kékeré inú omi a gbilẹ̀, a sì máa tú ohun tirẹ̀ sílẹ̀, èyí tí kò ní àwọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni ti àwa ènìyàn. Ní Òkò Bàbà, níbi tí a ti fi ọdún púpọ̀ la igi tí a fi omi fà wá láti ìhà Ẹ̀pẹ́ àti Oǹdó, lẹ́búlẹ́bú pákó ti kó jọ ní etí omi débi pé ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀, omi tí ń sun jáde lábẹ́ rẹ̀ sì dúdú, ó ń rùn. Ẹ̀gbin ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a ti ń dà sí ọ̀sà ní ìhà Ìdó fún ọ̀pọ̀ ọdún kò tilẹ̀ ní irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ tí yóò fi kì wá nílọ̀. Ó yòrò, omi tòrò, àwọn tí ó wà lórí afárá sì ní ó mọ́. Nígbà òjò, odò ń là á, ó sì ń gbé e jáde. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibi tí a dà á sí ni ó ń pẹ́ sí, bakitéríà tí ń jẹ ẹ́ a sì máa fa ọ́síjìn inú omi gbẹ. Odò kì í kún bo ẹja lójú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni ojú fẹ́ ṣe fún ẹja nínú omi tí kò ní èémí?

Ọ̀rọ̀ náà kan omi ẹ̀rọ pẹ̀lú. Inú odò Ògùn ni ilé omi Àdìyàn ti ń fa omi, kulorín tí a sì fi ń pa kòkòrò àrùn a máa dara pọ̀ mọ́ ohun ewé tí ó ti yòrò, kí wọ́n jọ di èròjà mìíràn tí kò yẹ kí ó pọ̀ nínú omi mímu. Omi oṣù Kejì àti ti oṣù Karùn-ún kò lè gba ìtọ́jú kan náà. Nítorí náà, ẹni tí a rán lọ yẹ ọ̀sà wò, tí ó bu omi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn tí ó sì lọ kọ ìwé, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó kọ. Oṣooṣù ni ó yẹ kí a máa bù ú, láti Ìṣẹ̀rì dé ẹnu ọ̀nà òkun, lókè omi àti nísàlẹ̀ rẹ̀, nígbà tí òkun ń kún àti nígbà tí ó ń fà. Ọ̀nà tí a ó fi mọ ti igbó yàtọ̀ sí ti ènìyàn sì ti wà: bí a bá tan ìtànṣán tí ojú kò lè rí sí inú omi náà, ohun tí ó ti ara ewé àti ilẹ̀ wá àti ohun tí ó ti inú ẹ̀gbin wá kì í dá ìmọ́lẹ̀ kan náà padà.