Dọ́là Ilẹ̀ Tí Kò Sí

Iṣẹ́ bánkì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Nídìí káńtà ni àwọn ọ̀gá wa ti kọ́ wa bí a ṣe ń dá ayédèrú owó mọ̀: ẹ fi ìka pa bébà rẹ̀ wò, ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ yẹ nọ́ńbà rẹ̀ wò. Ẹ̀kọ́ náà wúlò fún wa púpọ̀. Síbẹ̀, owó kan wà nínú ìtàn tí ojú àti ìka nìkan kò lè tú àṣírí rẹ̀. Ìtẹ̀wé rẹ̀ gún régé, àmì ìjọba sì wà lára rẹ̀. Ìjọba tó ni ín ni kò sí láyé. Dọ́là Poyais ni wọ́n ń pè é, mo sì gbà pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń náwó mọ ìtàn rẹ̀.

Gregor MacGregor ló dá a sílẹ̀. Skọ́tíláńdì ni wọ́n ti bí i ní 1786. Ó ṣe sọ́jà fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn náà ló ré òkun kọjá lọ sí Fẹnẹsúẹ́là, ó sì wà lára àwọn tó jagun òmìnira níbẹ̀. Ó di ọ̀gágun, ó sì fẹ́ Josefa, ìbátan Simón Bolívar fúnra rẹ̀, olórí ogun òmìnira náà. Ẹni tí ìwé ìròyìn ti gbé orúkọ rẹ̀ ni, kì í ṣe àjèjì tó kàn ṣàdédé yọ níta.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1820, George Frederic Augustus, ọba ẹ̀yà Miskito, bu ilẹ̀ fún un létíkun ibi tí à ń pè ní Honduras lónìí. Ilẹ̀ náà tó mílíọ̀nù mẹ́jọ éékà, igbó ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ilẹ̀ ni ọba fún un, kò fún un ní adé. Ṣùgbọ́n nígbà tí MacGregor dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1821, ó ní òun ni Cazique ilẹ̀ Poyais, ìyẹn ọba ibẹ̀. Ó ṣe àsíá, ó ṣí ọ́fíìsì, ó ń fi àwọn èèyàn joyè. Ní 1822, ìwé ńlá kan jáde tó ń ròyìn ilẹ̀ náà, tí orúkọ Thomas Strangeways wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìròyìn tí wọ́n ń gbé kiri ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá, àti pé St. Joseph, olú-ìlú rẹ̀, ti ní bánkì, ilé eré àti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá.

Ọ̀nà méjì ló kọ́kọ́ gbà rí owó gidi. Ó ta ilẹ̀ ní ṣílè méjì àti pẹ́nì mẹ́ta fún éékà kan, ó sì ń fi owó lé e bí àwọn olùrà ṣe ń pọ̀ sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1822, ó tún yá £200,000 lórúkọ ìjọba Poyais, pẹ̀lú ìwé ẹ̀yáwó 2,000, £100 lórí ìkọ̀ọ̀kan, èlé 6 nínú 100 lọ́dún. Ní ọdún yẹn kan náà ni Kòlóńbíà, Chile àti Perú, tí wọ́n jẹ́ orílẹ̀-èdè tuntun, wá yáwó ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ìlú tuntun ń yọ lójoojúmọ́, ta ni yóò bèèrè bóyá ọ̀kan nínú wọn kò sí?

Ọ̀nà kẹta ló kàn mí jù, nítorí ọ̀rọ̀ owó bébà ni. W. H. Lizars, afínwòrán ní Edinburgh tó ń tẹ owó fún bánkì Skọ́tíláńdì, ló tẹ dọ́là Poyais. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé Bánkì Poyais yóò san dọ́là kan fún ẹni tó bá mú un wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní St. Joseph. Dọ́là fàdákà àwọn ará Spéènì ni gbogbo ọjà ilẹ̀ Amẹ́ríkà mọ̀ nígbà náà, nítorí náà ìlérí yìí bọ́gbọ́n mu létí ẹni tó ń lọ síbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ṣí lọ kó pọ́n-ùn tí wọ́n fi òógùn ojú wọn kó jọ, wọ́n fi pààrọ̀ dọ́là Poyais. Èyí ló ń dùn mí jù. Owó tí ọjà gbogbo ń gbà ni wọ́n kó sílẹ̀, wọ́n wá gbé ìlérí dání.

Ọkọ̀ Honduras Packet kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1822 pẹ̀lú nǹkan bí 70 èèyàn. Kennersley Castle tẹ̀ lé e láti èbúté Leith ní oṣù kìíní ọdún 1823, ó gbé èèyàn bíi 200. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, wọn kò rí St. Joseph. Kò sí bánkì, kò sí ọjà, kò sí òpópónà kan. Igbó ni. Òjò dé, ibà sì dé. Aránbàtà kan láti Edinburgh, tí wọ́n ti ṣèlérí iṣẹ́ láàfin Poyais fún, pa ara rẹ̀. Ọba Miskito náà sọ pé òun ti gba ilẹ̀ òun padà, nítorí MacGregor sọ ara rẹ̀ di ọba lórí ohun tí kì í ṣe ìjọba rẹ̀. Ọkọ̀ láti Belize ló wá kó àwọn tó ṣẹ́ kù. Nínú nǹkan bí 250 tó lọ, ó kéré tán 180 kú, àwọn tó padà dé Ìlú Ọba kò sì tó 50. Agégi kan tó ń jẹ́ James Hastie pàdánù ọmọ méjì níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tó délé, ìwé tó kọ jáde gbèjà MacGregor ni, ó ní àwọn ẹlòmíràn ló jẹ̀bi. Báyìí ni gbájúẹ̀ ṣe ń wọ èèyàn lára tó.

Kí wá ni owó bébà náà ṣàìní? Ẹ jẹ́ ká wo owó ẹyọ tí àwọn baba ńlá wa ná. Láti erékùṣù Maldives nínú òkun Íńdíà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wá. Kò sí àmì ọba lára rẹ̀, kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ru ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 ẹyọ, lọ sọ́jà mọ̀ dájú pé ẹlẹ́ran yóò gbà á, aláṣọ yóò gbà á, onílé ẹrù yóò sì gbà á lọ́wọ́ àwọn náà. Owó ẹyọ ní ọjà, kò ní òǹtẹ̀. Dọ́là Poyais ní òǹtẹ̀, kò ní ọjà. Ọjà ló ń sọ nǹkan di owó, òǹtẹ̀ kàn ń jẹ́rìí sí i ni. Náírà tó wà nínú àpò yín náà kò yàtọ̀: ohun tó gbé e dúró ni àwọn tó ń gbà á lójoojúmọ́ àti ìjọba tó ń fi í gba owó orí.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Òótọ́ bá dọ́là Poyais lọ́jọ́ tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó dá a sílẹ̀ kò jìyà rẹ̀. MacGregor sá lọ sí Faransé, ó tún bẹ̀rẹ̀ ohun kan náà. Wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n dá a lẹ́jọ́ ní 1826, wọ́n sì dá a sílẹ̀. Ó padà sí Fẹnẹsúẹ́là, wọ́n ń san owó ìfẹ̀yìntì ológun fún un, ó sì kú ní Caracas ní 1845. Wọ́n sin ín pẹ̀lú ẹ̀yẹ ọmọ ogun.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, mo bẹ̀ yín. Lónìí, bóyá ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tà fún yín, bóyá ìrìn àjò òkè òkun, bóyá owó orí fóònù tí wọ́n ní yóò di ìlọ́po mẹ́wàá, ẹ má jẹ́ kí ẹwà ìwé rẹ̀ tàn yín jẹ. Ẹ bèèrè ìbéèrè méjì kí ẹ tó kówó sílẹ̀: ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ mi bí mo bá fẹ́ ná an lọ́la, ibo sì ni ilé tí wọn yóò ti san án? Ẹ lọ fi ojú ara yín rí ilé náà. Bí wọ́n bá ní ẹ kò lè rí i, ẹ kó owó yín dání, ẹ máa lọ.