Maṣíìnì Ìránṣọ Kò Gbọ́ràn sí Ẹsẹ̀ Mọ́? Ẹ Má Tíì Ra Àpótí Iná Tuntun

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Òkè Ọya, pàápàá ẹ̀yin télọ̀, àwọn àgbà ní kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ohun kan wà lára maṣíìnì oníná ìgbàlódé tí kò tó ẹyọ àgbàdo kan, ṣùgbọ́n tó bá bàjẹ́, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ẹni tó ti gba owó aṣọ Iléyá lọ́wọ́ oníbàárà mọ ohun tí ojú òun máa rí.

Sẹ́ńsọ̀ òòfà ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Hall. Edwin Hall, ará Amẹ́ríkà, ló ṣàwárí ọgbọ́n rẹ̀ lọ́dún 1879. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tọ̀ servo, bí a bá ṣe ń fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, òòfà kékeré kan á máa sún mọ́ sẹ́ńsọ̀ yìí, òun á sì jẹ́ kí mọ́tọ̀ mọ bó ṣe máa yára tó. Tí kò bá jíṣẹ́ mọ́, mọ́tọ̀ lè má yí rárá, ó sì lè máa sáré lódìlódì.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò nìyí: wọ́n á ní ká lọ ra odidi àpótí iná. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó tú u, torí iná tó lé ní 300 fóòtì lè ṣì wà nínú rẹ̀. Ṣé òòfà kò tíì já bọ́? Ṣé wáyà kò gé níbi tó ti ń ká? Tí ẹ kò bá rí òòfà kankan níbẹ̀, ó lè jẹ́ irú tó ń lo ìmọ́lẹ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀.

Tí òòfà àti wáyà bá dára, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ jó sẹ́ńsọ̀ náà kúrò, kó sì fi bátìrì kékeré mẹ́ta tó jẹ́ 4.5 fóòtì dán an wò, kì í ṣe iná ìjọba. Tó bá jẹ́ 49E, tí ojú tó ní àkọlé bá kọjú sí yín, ẹsẹ̀ òsì ló ń gba iná, ti àárín jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù, ti ọ̀tún ló ń jíṣẹ́. Mítà gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ìdajì iná bátìrì hàn lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ẹ sún òòfà mọ́ ọn: iye náà á lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ẹ yí òòfà padà: á lọ sí òdìkejì. Tí kò bá mì rárá, ó ti kú.

Ẹ ka àkọlé rẹ̀ kí ẹ tó ra òmíràn. 49E àti 3144 jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n 49E ń díwọ̀n díẹ̀díẹ̀, nígbà tí 3144 kàn ń tan, tó ń kú. Ẹ̀yà tí kò bára mu lè sọ maṣíìnì di eléwu fún ìka ọwọ́. Kí ojú tó kọ sí òòfà tẹ́lẹ̀ ni kó kọ sí i, kí ooru áyọ́ọ̀nù má sì pẹ́ lára rẹ̀.

Ẹ fi èyí han àwọn ọmọ iṣẹ́ yín. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa ó dojú tì wá.