Ìkéde Láàrin Aládùúgbò: Bí Àwọn Ẹ̀rọ Nẹ́tíwọ̀kì Ṣe Ń Fi Ara Wọn Hàn

1. Ìfáárà
Ní Gáréèjì Ìkòròdú, kọ̀ńdọ́kítọ̀ kì í dúró kí èrò béèrè ibi tí ọkọ̀ ń lọ. “Kétu! Mile 12!” ni ó ń pè léraléra, ẹni tí ó bá wà nítòsí ni ó sì ń gbọ́. Irú ọgbọ́n yìí ni àwọn ẹ̀rọ tí ó so kọ̀ǹpútà pọ̀ ń lò láti mọ ara wọn. Kókó àpilẹ̀kọ yìí ni pé ohun tí ó mú ọgbọ́n náà rọrùn ni ó mú un léwu: ẹni tí ó gbọ́ kì í béèrè ẹ̀rí.

2. Bí ìkéde ṣe ń lọ
Ilé-iṣẹ́ Cisco gbé ìlànà CDP kalẹ̀ ní 1994 fún àwọn ẹ̀rọ tirẹ̀. Ní 2005, ẹgbẹ́ IEEE fọwọ́ sí LLDP, kí ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe lè gbọ́ ara wọn yé. Nínú LLDP, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń fi ìkéde ránṣẹ́ gba ihò wáyà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun mẹ́ta ni ìkéde náà kò gbọdọ̀ ṣàìní: àmì ìdánimọ̀ ẹ̀rọ, àmì ihò tí ó gbà jáde, àti iye àkókò tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi wúlò. Ó wọ́pọ̀ kí ó máa jáde ní ìṣẹ́jú àáyá 30-30, kí ó sì wúlò fún 120. Bí òmíràn kò bá dé kí àkókò yìí tó pé, ẹ̀rọ tí ó gbọ́ ọ yóò pa á rẹ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Suwíìṣì tí ó bá gba ìkéde yìí kì í fi í ránṣẹ́ síwájú, bí ohùn kọ̀ńdọ́kítọ̀ Ìkòròdú kì í ti í dé Ẹ̀pẹ́. Síbẹ̀, ẹni tí kò mọ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lè gbọ́ Itoikin ní Ìkòròdú, kí ó sì gbọ́ Ẹ̀pẹ́ ní Itoikin. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni alábòójútó nẹ́tíwọ̀kì ń bi ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan léèrè aládùúgbò rẹ̀, tí ó ń so ìdáhùn wọn pọ̀ títí yóò fi rí àwòrán gbogbo rẹ̀.

3. Ewu tí ó wà níbẹ̀
LLDP fúnra rẹ̀ kò ní ọ̀nà tí a fi lè dá ìkéde òtítọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ti ayédèrú. Èrò Èkó mọ èyí dáadáa: ọkọ̀ “one chance” náà a máa pe Kétu. Kọ̀ǹpútà àjèjì lè kéde pé tẹlifóònù ni òun, kí ó lè wọ apá nẹ́tíwọ̀kì tí a yà sọ́tọ̀ fún tẹlifóònù. Ní 2020, ilé-iṣẹ́ Armis tú àṣírí àléébù 5 nínú bí àwọn ẹ̀rọ Cisco ṣe ń ka ìkéde CDP. 4 nínú wọn lè jẹ́ kí aládùúgbò tí ó rán ìkéde ayédèrú gba àkóso ẹ̀rọ tí ó gbọ́ ọ.

4. Ìgúnlẹ̀
Èyí kò sọ pé kí á pa ìkéde rẹ́ pátápátá, nítorí pé nẹ́tíwọ̀kì tí kò mọ aládùúgbò rẹ̀ ṣòro láti tún ṣe nígbà tí wáyà bá já. Kí ó máa lọ láàrin ẹ̀rọ onílé. Kí á pa á ní ihò tí ó kọjú sí àlejò. Níbi tí tẹlifóònù bá ti nílò rẹ̀, kí ó sọ ìwọ̀nba ohun tí ó pọn dandan.