Ìbọn Ìléwọ́ Àtijọ́ àti Àwọn Tí Ń Kó Wọn Jọ

Kò sí ohun tí ọmọ aráyé kì í kó jọ. Ẹnìkan a máa kó owó ẹyọ àti kọ́bọ̀ àtijọ́ jọ. Ẹlòmíràn a máa kó òǹtẹ̀ lẹ́tà jọ. Àwọn mìíràn a sì máa to aṣọ òfì tí àwọn ìyá ńlá wọn lò sínú àpótí. Kì í ṣe nítorí àtilò ni wọ́n ṣe ń kó wọn pa mọ́, bí kò ṣe nítorí ìtàn tí ó wà lára wọn. Bákan náà ni àwọn kan wà ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ pé ìbọn ìléwọ́ ni wọ́n ń kó jọ, pàápàá jù lọ irú èyí tí a ṣe fún àwọn ọmọ ogun láti máa fi díje nínú àmì títa. Ó yẹ kí a mọ ohun tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ jẹ́, ohun tí ó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n, àti ìdí tí ẹni tí ń gbé Baruwa kò fi lè ṣe nípa rẹ̀ bí ẹni tí ń gbé Amẹ́ríkà ti ń ṣe.

Ìbọn ìléwọ́ ni ìbọn kékeré tí a lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé ta. Èyí tí ológun ń gbé kọ́ ìbàdí lọ sójú ogun ní láti lágbára. Kò gbọdọ̀ tètè bàjẹ́ nínú ẹrẹ̀ àti òjò, ó sì gbọdọ̀ ṣeé fà yọ kíákíá. Ṣùgbọ́n èyí tí a fi ń ta àmì yàtọ̀. Ọ̀pá rẹ̀ sábà máa ń gùn. Ibi tí a fi ojú sí láti wo àmì ṣeé sún síhìn-ín sọ́hùn-ún, títí yóò fi bá ojú ẹni tí ń ta á mu. Ibi tí ìka ń fà a máa fúyẹ́, kí ọwọ́ má baà yẹ̀ nígbà tí ọta bá ń jáde. Ọta ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré, nítorí pé ìwé ni wọ́n fẹ́ lù, kì í ṣe ènìyàn.

Àwọn ọmọ ogun fẹ́ràn irú ìdíje yìí nítorí pé ó ń kọ́ ojú àti ọwọ́. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1907 ni a ti ń ṣe ìdíje ńlá kan ní Camp Perry ní ìpínlẹ̀ Ohio. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1950 àti 1960, àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn tí ó wà nínú iṣẹ́ ológun níbẹ̀ a máa mú ìbọn ìléwọ́ tí John Browning ṣe, èyí tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun gbà ní 1911, wọn a tún un ṣe fínnífínní fún ìdíje náà, wọn a sì tẹ lẹ́tà NM sí ara rẹ̀. Irú wọn wà lára èyí tí àwọn akójọ ń wá kiri lónìí.

Àwọn ìtàn tí ó rọ̀ mọ́ ìbọn wọ̀nyí ni ó ń mú kí wọ́n wu ènìyàn. Ní 1936, nígbà tí a ṣe eré Òlíńpíìkì ní Berlin, Cornelius van Oyen ti ilẹ̀ Jámánì gba ipò kìíní nínú ìdíje ìbọn ìléwọ́ aláyára. Títí di òní, ìbọn tí ilé iṣẹ́ Walther ṣe ní àkókò náà, tí wọ́n sọ ní Olympia, kò kúrò lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀ nípa ìbọn. Ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ẹni tí ó gbèrò ìbọn àmì títa tí ó lókìkí jù níbẹ̀ ni Mikhail Margolin, afọ́jú sì ni. Ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ìgbà èwe nínú iṣẹ́ ológun, ṣùgbọ́n ó ń fi ọwọ́ tọ́ gbogbo ẹ̀yà ìbọn náà wò, ó sì ń fi ọkàn ya àwòrán rẹ̀, títí ó fi parí iṣẹ́ tí àwọn olójú méjì ń yìn.

Èyí tí ó tún yani lẹ́nu jù ni ìtàn Károly Takács, ọmọ ogun ilẹ̀ Họ́ńgárì. Ní 1938, àdó olóró àfọwọ́jù bú gbàmù mọ́ ọn lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ náà sì bàjẹ́. Gbogbo ènìyàn rò pé ó ti parí fún un. Ṣùgbọ́n Takács kò sọ̀rètí nù. Ó lọ ń fi ọwọ́ òsì kọ́ ìbọn títa ní kọ̀rọ̀. Ogun Àgbáyé Kejì kò jẹ́ kí a ṣe eré Òlíńpíìkì ní 1940 àti 1944, síbẹ̀ kò dẹ́kun. Nígbà tí a pé jọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1948, ọwọ́ òsì yìí ni ó fi gba wúrà; ní Helsinki ní 1952, ó tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ni ó ń sọ ìbọn kan di ọ̀wọ́n? Èkíní ni pé kí irú rẹ̀ má pọ̀. Èkejì ni pé kí nọ́ńbà tí ó wà lára àwọn ẹ̀yà rẹ̀ bára mu, kí a lè mọ̀ pé kò sí ẹ̀yà tí a yọ láti ara òmíràn. Ẹ̀kẹta ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi òde òní kun ún. Ìbọn tí a bó awọ àtijọ́ rẹ̀, tí a tún un kùn kí ó lè máa dán, ti pàdánù ọ̀pọ̀ nínú iye rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ìwé ẹ̀rí tí ó fi hàn ẹni tí ó ni ín rí àti ibi tí ó ti lò ó. Níbi tí owó bá sì wà, ayédèrú kì í jìnnà. Ẹlòmíràn a máa tẹ àmì ìdíje sí ara ìbọn lásán kí ó lè fi lu jìbìtì. Nítorí náà ni ọlọ́gbọ́n akójọ fi ń ka ìwé púpọ̀ kí ó tó na owó.

Síbẹ̀, ìbọn kì í ṣe òǹtẹ̀ lẹ́tà. Ní oṣù kẹta ọdún 1996, ọkùnrin kan wọ ilé ìwé kan ní Dunblane ní ilẹ̀ Skọ́tílándì, ó sì fi ìbọn ìléwọ́ pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn kan. Ní 1997, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de ìbọn ìléwọ́ ní ọwọ́ ará ìlú, àyàfi ìwọ̀nba díẹ̀ bí irú èyí tí ó ní ìtàn pàtàkì, tí òfin sì sọ bí a óò ṣe tọ́jú rẹ̀.

Ní Nàìjíríà, òfin ìbọn ti 1959 le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ka gbogbo ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ohun ìjà tí a kà léèwọ̀, ìbáà ṣe ti àtijọ́ tí a ń fi òkúta ṣáná sí, àyàfi bí olórí orílẹ̀-èdè bá fúnra rẹ̀ fúnni ní ìwé àṣẹ. Ṣakabùlà ọdẹ pàápàá ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Bí olówó kan ní Baruwa bá ra ìbọn Olympia láti òkè òkun, kì í ṣe akójọ ni òfin yóò pè é.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ilé. Kí ilé tó kún Baruwa àti Ipaja bí ó ti rí lónìí, oko àti igbó wà níbẹ̀, ìbọn ọdẹ kò sì ṣàjèjì. Bákan náà ni ìbọn wà nínú ìtàn Yorùbá. Ogun Kírìjí, tí àwọn Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà láti 1877 títí di 1893, gba orúkọ rẹ̀ láti inú ìró ìbọn. Àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tí ó wà ní Èkó sì ran àwọn ará ilé lọ́wọ́ láti rí ìbọn Snider gbà. Nítorí náà, kì í ṣe ohun ìyanu bí ọmọ kan bá gun òkè àjà lọ, tí ó sì bá irin wíwúwo kan tí a wé sínú àkísà, tí ó jẹ́ ti baba baba rẹ̀.

Kí ni ó yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe? Kí ó má ṣe fi ọwọ́ kàn án, kí ó má sì ṣe yọjú wo ẹnu rẹ̀. Ìpẹta kò ní kí ìbọn má dún. Ẹ̀tù tí ó ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ṣì lè gbiná. Kí ó pe àgbà, nítorí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kí àgbà náà má gbé e káàkiri ìgboro, bí kò ṣe kí ó ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá wá wò ó níbi tí ó wà. Bí ìtàn pàtàkì bá wà lára rẹ̀, kí a fi tó àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba létí pẹ̀lú. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà ní Oníkàn ní Èkó láti 1957. Èyí tí a yà sọ́tọ̀ fún ohun ìjà ogun sì wà ní Umuahia láti 1985. Níbẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ti lè wò wọ́n láìsí ewu.

Ìtàn ìbọn náà ńkọ́? Èyí ni òfin kò dè. Ọmọ ilé lè bi àwọn àgbà léèrè ẹni tí ó ni ín, ibi tí ó ti rà á, àti ohun tí ó fi ṣe, kí ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn àgbà náà tó kọjá lọ. Irin yóò lọ sí ọwọ́ ìjọba, ṣùgbọ́n ìtàn yóò kù sílé. Ìyẹn gan-an sì ni akójọ tòótọ́ ń wá.