Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọmọ ọdún 18 lè wọ ìgbìmọ̀ ìlú ní Kumasi

Ní Gánà, ọmọ orílẹ̀-èdè tó ti pé ọdún 18 lè dìbò, ó sì lè du ipò aṣojú àdúgbò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀, irú èyí tó ń ṣàkóso Kumasi. Kò nílò ẹgbẹ́ òṣèlú rárá, nítorí ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà ti ọdún 1992 ka fífa olùdíje ẹgbẹ́ kalẹ̀ níbẹ̀ léèwọ̀. Ẹ wo bí ìyẹn ti tóbi tó fún ọ̀dọ́ tí kò ní bàbá ìsàlẹ̀! Àmọ́ Ààrẹ ṣì lè yan tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà, ọ̀rọ̀ yìí kò sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Tí ọ̀dọ́ náà bá fẹ́ di aṣòfin l'Accra, ó gbọ́dọ̀ pé ọdún 21. Ní Nàìjíríà, ọdún 2018 ni wọ́n tó dín ọjọ́ orí tí èèyàn fi lè du ipò ilé aṣojú-ṣòfin kù láti 30 sí 25.

Ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Gánà ńkọ́? Láti September 2017, ilé ẹ̀kọ́ gírámà àgbà ìjọba ti di ọ̀fẹ́. Èrò pọ̀ ju àyè lọ: ní 2018, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ pín ọmọ sọ́nà méjì, bí àwọn kan ṣe ń kàwé ni àwọn yòókù ń sinmi nílé.