Ìbọn Ìléwọ́: Iye Tí Mo Rò Pé Yóò Ná Mi, àti Iye Tí Ó Ná Mi

Àwọn àgbà ní, "Ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí òun?" Òwe yìí ni mo rántí ní ìjẹta, nígbà tí àbúrò mi tí ó ń ta aṣọ ní Gbági, ní Ìbàdàn, ránṣẹ́ sí mi ní Houston níhìn-ín, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó ní kí n bá òun ra ìbọn ìléwọ́ kan tí ó dára tí kò sì wọ́n, kí n fi í sáàárín ẹrù tí mo fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́ sílé, nítorí pé àwọn olè kò jẹ́ kí òun fojú kan oorun. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n èsì tí mo fún un gùn ju èyí tí ó ń retí lọ, mo sì rò pé yóò wúlò fún ẹ̀yin ònkàwé pẹ̀lú, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín ń gbé ní òkè òkun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe ra tèmi. Gàrí, èlùbọ́, epo pupa àti ẹja gbígbẹ ni mo ń tà. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta ni àwọn olè fọ́ ṣọ́ọ̀bù mi lóru. Ni mo bá ya 700 dọ́là sọ́tọ̀, mo ní n ó ra ìbọn.

Ẹ má ṣe rò pé bí ẹni ń ra iṣu ni o. Ẹni tí kò bá tí ì pé ọmọ ọdún 21 kò lè ra ìbọn ìléwọ́ lọ́wọ́ oníṣòwò tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó fẹ́ rà á yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, oníṣòwò náà yóò sì fi orúkọ náà ránṣẹ́ sí ìjọba àpapọ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òfin dí onítọ̀hún lọ́nà. Láti ọdún 1998 ni ètò yìí ti wà. Ẹni tí ó ní ìwé ìgbélùú títí lọ lè rà á. Ṣùgbọ́n òfin kò gba púpọ̀ nínú àwọn tí ó fi físà ìbẹ̀wò tàbí ti ẹ̀kọ́ wọ̀lú láyè láti ní i. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ yín. Bí ẹnìkan bá sì fi orúkọ ara rẹ̀ ra ìbọn fún ẹlòmíràn tí òfin dí lọ́nà, ẹ̀wọ̀n ni ó ń wá.

Ojú oníṣòwò ni mo fi wọ ilé ìtajà ìbọn: èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ni mo ń wá. Mo rí kékeré kan tí ó bọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ mi, 190 dọ́là. N kò gbọ́ orúkọ àwọn tí ó ṣe é rí, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé mo ti pa owó mọ́. Nígbà tí mo gbé e dé pápá ìdánrawò, nínú ọta 50 tí mo yìn, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni ó há. Ó sì ń ta mí lọ́wọ́ bí ẹni pé mo di agídí ẹṣin mú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Irú ìbọn yìí, bí ẹ bá fa apátí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọta kan ni yóò jáde. Agbára ìbúgbàù náà ni yóò ti irin òkè rẹ̀ sẹ́yìn, tí yóò ta èèpo ọta nù. Bí irin náà bá sì ti ń padà, yóò gbé ọta mìíràn wọlé láti inú mágasíìnì. Bí iṣẹ́ irin náà kò bá pé, tàbí bí ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú kò bá dúró gírí, èèpo yóò há, ìbọn yóò sì di irin lásán.

Ọkùnrin arúgbó kan tí ó ti ṣe sójà rí ni ó ń kọ́ni níbẹ̀. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé o máa ń ra bàtà láì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wò?" Ó yá mi ní mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dánwò ní ọ̀sán kan. Ohun tí ó kọ́ mi nìyí.

Èkíní, ìbọn gbọdọ̀ bá ọwọ́ olówó rẹ̀ mu, kí ìka rẹ̀ dé apátí láì nà tàntàn. Èkejì, èyí tí ó kéré jù rọrùn láti gbé, ṣùgbọ́n ó ń tani ju èyí tí ó tóbi díẹ̀ lọ. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ra èyí tí ń yin ọta mìlímítà 9. Àwọn ará Jámánì ni ó ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó wà káàkiri, ó sì dínwó ju púpọ̀ nínú àwọn yòókù lọ. Ẹ̀kẹrin, àlòkù tí a mọ orúkọ àwọn tí ó ṣe é, tí ohun èlò rẹ̀ wà lọ́jà, sàn ju tuntun tí a kò mọ̀ lọ.

Glock 19 ni ó bá ọwọ́ mi mu. Àwọn ará Austria ni wọ́n ń ṣe é láti ọdún 1988, ọta 15 ni mágasíìnì rẹ̀ ń gbà. Àlòkù ọlọ́pàá ni tèmi, ara rẹ̀ ti họ ṣùgbọ́n inú rẹ̀ mọ́: 380 dọ́là. Kì í ṣe òun nìkan ni ó wà o. Ẹlòmíràn yóò rí i pé ti Smith & Wesson tàbí Ruger ti Amẹ́ríkà, tàbí CZ ti ilẹ̀ Czech, bá òun mu jù ú lọ; Taurus ti Brazil sì ní àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Èyíkéyìí tí a bá rà, kí a yin ọta bí 200 láì há, kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mo fi aṣọ wé e, mo fi í sínú páálí bàtà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ní ọjọ́ Sátidé kan mo wọlé, mo bá ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún márùn-ún, lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú páálí náà. Ó ní bàtà ọdún ni òun ń wá. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń sunkún, ọmọ náà sì ń bẹ̀ mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo ra àpótí irin oníkọ́kọ́rọ́, tí mo dè é mọ́ ògiri: 90 dọ́là. Ní Texas níhìn-ín, ẹ̀ṣẹ̀ ni lójú òfin pé kí ènìyàn fi ìbọn tí ọta wà nínú rẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé yóò ti tó o. Ẹ sì gbọ́ èyí: bí a bá yọ mágasíìnì, ọta kan ṣì lè wà nínú ìbọn. Ọ̀pọ̀ ti tipa bẹ́ẹ̀ pa ọ̀rẹ́ ara wọn. Nítorí náà, ẹ ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sí ohun tí ẹ kò fẹ́ bàjẹ́. Ẹ má fi ìka kan apátí títí ẹ ó fi ṣe tán láti yìn ín. Kí ẹ sì mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ibi tí ẹ ń yìn ín sí.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìbọn, 380 dọ́là. Àpótí, 90. Ẹ̀kọ́ àti yíyá ìbọn dánwò, 100. Ọta 200, 60. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 630. Ìbá ṣẹ́ku 70 nínú 700 mi, bí kì í bá ṣe 190 tí mo kọ́kọ́ fi ra ìyà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, kí ó kọ́kọ́ yọ owó àpótí, ti ẹ̀kọ́ àti ti ọta sọ́tọ̀. Èyí tí ó bá kù ni kí ó fi wá ìbọn.

Wàyí o, ti àbúrò mi. Lábẹ́ òfin ìbọn ọdún 1959, ìbọn ìléwọ́ wà lára àwọn ohun ìjà tí a kà léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ààrẹ nìkan ni ó lè fúnni ní ìwé àṣẹ rẹ̀. Ìpín ọ̀tọ̀ ni ṣakabùlà àwọn ọdẹ wà, òun náà sì ní ìwé àṣẹ tirẹ̀. Amẹ́ríkà pàápàá kò gbà pé kí a fi ìbọn pamọ́ sínú ẹrù lọ sí ìlú mìíràn. Bí mo bá ṣe ohun tí ó wí, ẹ̀wọ̀n ni mo fi ránṣẹ́ sí i, kì í ṣe ẹ̀bùn.

Owó ìlẹ̀kùn irin àti iná tí ń lo oòrùn ni mo fi ránṣẹ́, pẹ̀lú owó tí yóò dá sí ti àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ ọjà. Mo sì sọ òtítọ́ fún un: títí di òní, n kò tí ì yọ ìbọn mi sí ẹnikẹ́ni. Irin tí mo fi dí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, àti owó tí n kì í fi sílẹ̀ níbẹ̀ sùn mọ́, ni ó lé àwọn olè lọ.

Ẹnìkan kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí ó bá ní ìbọn nílé, kí ó ti kọ́kọ́rọ́ kí ó tó sùn.