Sátidé kan lójú ọ̀nà Mowé: a bá àwọn tó ń wá ilẹ̀ rìn

Agogo méje àárọ̀ ni mo dé Berger, l'Ojódù, níbi tí Èkó ti ń parí tí ìpínlẹ̀ Ògùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ò tíì yọ tán, àmọ́ ooru ti ń jáde lára títì. Àwọn agbèrò ń pariwo, "Ìbafò, Mowé, Ridíìmù, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Òórùn àkàrà tí ìyá kan ń dín lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà àti èéfín dánfó ti pò mọ́ra wọn, ẹlẹ́kọ, oníbúrẹ́dì àti àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá ń fara gbún ara wọn láàrin mọ́tò. Lápá kan, bọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n ya àwòrán ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí lára dúró ti títì. Àwọn ọ̀dọ́ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé ń pín ìwé fún ẹni tó bá ti wojú wọn: ilẹ̀ ń tán lọ, ẹ wá san díẹ̀díẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni bọ́ọ̀sì. Ọ̀fẹ́ ni mítípáì àti mínírà. Ilẹ̀ là ń lọ wò.

Ẹ̀yìn tọkọtaya kan ni mo jókòó sí. Ọkọ ń ṣe tíṣà nílé ẹ̀kọ́ girama ìjọba, ìyàwó ń ránṣọ. Ìkọ̀tún ni wọ́n ń gbé. Lánlọ́ọ̀dù ṣẹ̀ṣẹ̀ fowó kún owó ilé wọn ni, owó àjẹṣẹ́kù tí ọkọ ti ń dá bọ̀ látọjọ́ pípẹ́ sì ti jáde. "Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ilé ọlọ́lá là ń wá," ó yíjú sí mi. "Yàrá mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò ti ní kanlẹ̀kùn béèrè owó lọ́wọ́ wa, ó ti tó." Ìyàwó rẹ̀ ò sọ̀rọ̀. Ó ń fi bírò kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan tó gbé lé orúnkún.

Bọ́ọ̀sì gbéra, ó rìn díẹ̀, ó dúró. Kárà, ọjà màlúù, la dé. Kí ojú tó rí màlúù, imú ti gbọ́ ọ: ìgbẹ́ ẹran, awọ tí wọ́n ń sun, ẹrẹ̀ etí odò Ògùn, gbogbo rẹ̀ ń gba ojú fèrèsé wọlé. Afárá gígùn ló kàn, odò nísàlẹ̀, koríko omi lọ́tùn-ún lósì, ọkọ̀ sì tò lọ rẹrẹẹrẹ lórí rẹ̀, tírélà, táńkà, bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì, àti ọ̀kadà tó ń há àárín wọn kọjá. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí à ń rìn yìí. Ó lé ní kìlómítà 120. Ọdún 2013 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Julius Berger ló gba apá Èkó sí Ṣàgámù. Ẹni tó bá ti ń gbé Mowé kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ lẹ lè bi bí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọdún wọ̀nyẹn ṣe rí.

Èjẹ́ǹtì tó ń mú wa lọ dìde láàrin bọ́ọ̀sì, ó na ìka sí àwọn ilé tó wà nínú àbàtà lẹ́yìn afárá. "Ẹ ò rí i? Ibi gbogbo ti ń di ìlú." Ohun tí kò mẹ́nu bà ni pé bí òjò bá rọ̀ jù, tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ ní ìdídò Ọ̀yán lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ìsàlẹ̀ odò Ògùn níbí ni omi náà ń wá. Lára ògiri ilé kan tó sún mọ́ títì, mo rí ilà dúdú tí omi fi sílẹ̀. Ó ga tó orúnkún àgbàlagbà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìlú ń tẹ̀lé ìlú, tí èèyàn ò sì mọ ibi tí ọ̀kan ti parí: Warẹ́wà, Arépo, Mágbọ̀rọ̀, Ìbafò. Pátákó ìpolówó ilẹ̀ pọ̀ ju igi lọ. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Punch wà ní Mágbọ̀rọ̀. Prayer City ti ìjọ MFM wà lójú ọ̀nà kan náà, ibùdó ẹgbẹ́ Mùsùlùmí NASFAT wà l'Asese, ibùdó ìjọ Ridíìmù sì wà níwájú Mowé. Ọdún 1983 ni Ridíìmù gba ilẹ̀ níbẹ̀. Lónìí ó ti di ìlú sí àyè ara rẹ̀, àwọn tó ń lọ jọ́sìn sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i pé ilẹ̀ ṣì wà lápá ibí yìí tí apá òṣìṣẹ́ Èkó lè ká. Jímọ̀ọ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìsìn ńlá wọn máa ń wáyé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wá sí Mowé kó mú sùúrù dání. Ìyàwó tíṣà kọ ìyẹn náà sínú ìwé rẹ̀.

A bọ́ sílẹ̀ ní Mowé. Ariwo ló kọ́kọ́ pàdé wa. Alágbo kan ti gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí ọkọ̀, ó ń ka àìsàn jẹ̀díjẹ̀dí láìdákẹ́, kẹ̀kẹ́ Márúwá ń fọn fèrè, jẹnẹrétọ̀ ilé ìlọta ń bú lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Àwọn ìyá ń ta ìrẹsì ọ̀fàdà nínú ewé, ọbẹ̀ ata tútù ń ta sánsán lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ìdọ̀tí tí eṣinṣin bò. Ọ̀fàdà tí wọ́n fi sọ ìrẹsì náà lórúkọ kò jìnnà síbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwòdè kan náà ló ni ín. Ilé ìtajà símẹ́ńtì, ilé ìtajà páànù, ilé ìtajà páìpù, wọ́n tò dé ibi tí ojú mi lè ríran dé. Ibi tí èèyàn bá ti rí irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ tó pọ̀, ilé kíkọ́ ń lọ lọ́wọ́ níbẹ̀ nìyẹn.

Bọ́ọ̀sì yà wọ inú. Ọ̀dà tán láìpẹ́. Eruku pupa dìde, ó bo fèrèsé, ó wọ eyín, ó wọ inú mítípáì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pín fún wa. Ọ̀gbàrá ti gé ojú ọ̀nà sí wẹ́wẹ́, dírẹ́bà sì ń fi ẹsẹ̀ táyà kan rin orí ebè, tó ń fi èkejì rin inú kòtò. A kọjá ilé búlọ́ọ̀kù, a kọjá mọ́ṣáláṣí kékeré kan, a kọjá ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí wọ́n fi páànù sé. Lẹ́yìn náà ni a rí géètì irin ńlá kan tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ góòlù kùn, ó nàró láàrin igbó, òpó méjì ló gbé e dúró. Kò sí ọgbà lọ́tùn-ún, kò sí lósì. Ewúrẹ́ méjì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. "Ẹ káàbọ̀ sí ẹ́sítéètì wa," èjẹ́ǹtì wí.

Ó ń sọ̀rọ̀, àwa ń tẹ̀lé e láàrin igbó tí wọ́n ti fi katakata ha. Ibí yìí ni ojú ọ̀nà máa wà, ọ̀hún ni pápá eré àwọn ọmọdé. Pápákọ̀ òfurufú ìpínlẹ̀ Ògùn náà nìyẹn, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Àárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn ni pápákọ̀ náà wà. Èèyàn ní láti kọjá Ṣàgámù kó tó débẹ̀.

"Pulọ́ọ̀tì yín, báwo ló ṣe tóbi tó?" Ìyàwó tíṣà ló béèrè, ohùn rẹ̀ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn.

"Pulọ́ọ̀tì kan ni, Mọ́mì. Mítà 500 níbùú lóròó."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Pulọ́ọ̀tì tí àwọn àgbà mọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn sì tó mítà 669 níbùú lóròó. Ohun tí wọ́n ń tà fún un ò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń pè é. Níbòmíràn lójú ọ̀nà yẹn, mítà 300 ni wọ́n ń pè ní pulọ́ọ̀tì.

Nígbà tí a dé apá ìsàlẹ̀, níbi tí owó ilẹ̀ ti dínkù, obìnrin náà lóṣòó. Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta bíkìn, ẹrẹ̀ tútù yí i ká, òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti òmíràn. Ó fi bírò tọ́ka sí i. "Akàn ló ń gbé ibí." Ó gbójú sókè, ó wo igi ògùrọ̀ tó dúró ní ìwọ̀n ìjìnnà díẹ̀. Ògùrọ̀ kì í hù níbi tí kò sí omi. Èjẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ìyẹn ò le, a máa da iyanrìn sí i." Ọkọ rẹ̀ bi í pé ta ló máa sanwó iyanrìn. Foònù èjẹ́ǹtì dún, ó sì gbé e.

Èmi àti tọkọtaya náà kúrò lọ́dọ̀ àwọn yòókù, a fẹsẹ̀ rìn lọ sí àdúgbò tí èèyàn ti ń gbé. Oòrùn ti kan àtàrí. Lára ògiri kan, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé ilẹ̀ náà kì í ṣe títà, wọ́n kọ nọ́ńbà ẹjọ́ sábẹ́ rẹ̀. Níwájú, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń gbọ́ rédíò. Tíṣà dọ̀bálẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀.

"Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ wá wo ilẹ̀, àbí?" Bàbá ti mọ̀. Ó ní kí wọ́n wá omi fún wa. Omi kànga ni, ó tutù, ó sì mọ́, àmọ́ ó dùn bí irin lẹ́nu.

Bàbá sọ fún wa bí wọ́n ṣe ṣe é. Àwọn onílé ló dáwó jọ ra trànsífọ́mà. Àwọn ló ra òpó iná. Àwọn ló ń pe katakata kó wá ha ojú ọ̀nà lẹ́yìn òjò. Ìpàdé lánlọ́ọ̀dù ń wáyé lóṣooṣù, owó ìtọ́jú àwọn ọlọ́dẹ wà níbẹ̀, ẹni tí kò bá wá ń san owó ìtanràn. Ó wá sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀: wọ́n gba owó ìpìlẹ̀, wọ́n gba owó dẹ́kìn, wọ́n gba owó páànù, ìdílé mìíràn sì tún dé lẹ́yìn ìyẹn pé àwọn gan-an ló nilẹ̀. "Mo san án ní ẹ̀ẹ̀mejì. Mo ti di arúgbó, mi ò lè máa bá wọn jà."

Ọdún 2016 ni ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin tó lòdì sí fífi tipátipá gba ilẹ̀. Ọdún yẹn náà ni Èkó ṣe tirẹ̀. Mo bi bàbá bóyá òfin náà ṣiṣẹ́. "Wọ́n dín kù," ó fèsì. "Wọn ò tán."

"Bàbá, ẹ ò kábàámọ̀?" Ìyàwó tíṣà ló béèrè. Bàbá wo ilé rẹ̀, ògiri tí kò tíì rí ọ̀dà àti páànù tó ti ń pọ́n. "Láti ọjọ́ tí mo ti kó wọ ibí, ẹnikẹ́ni ò fún mi ní kúìtì."

A padà sábẹ́ kánópì èjẹ́ǹtì. Tábìlì kan, ìwé rìsíìtì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sanwó láti inú báńkì. Àwọn kan ti ń tò láti san owó àsansílẹ̀. Tíṣà béèrè ìwé sọ́fè. Wọ́n ní ó wà lọ́dọ̀ awọnlẹ̀. Ó béèrè àwọn nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí ilẹ̀ náà wà lórí máàpù. Wọ́n ní tó bá ti sanwó tán ni. Ìbéèrè rẹ̀ ní ìdí. Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà. Ẹbí lè ta ilẹ̀ fún èèyàn tayọ̀tayọ̀, kó sì jẹ́ pé ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e tipẹ́. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn ni awọnlẹ̀ ń gbé lọ sí ọ́fíìsì olórí awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀ l'Abẹ́òkúta láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Rìsíìtì ẹbí nìkan kò lè sọ ọ́ fúnni.

Tíṣà fi owó rẹ̀ sápò. Èjẹ́ǹtì ní Mọ́ńdè owó ilẹ̀ máa lọ sókè. Ìyàwó rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa ìwé kékeré rẹ̀ dé.

Ìrọ̀lẹ́ la padà dé Berger, pẹ̀lú eruku lórí, lẹ́yìn tí ọkọ̀ tún ti dúró pẹ́ lórí afárá. Tọkọtaya náà sọ fún mi kí a tó pínyà pé àwọn á padà lọ bá bàbá abẹ́ igi máńgòrò nígbà òjò, láìbá èjẹ́ǹtì lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé sójú ọ̀nà yẹn, Mowé ń dàgbà, èmi náà fojú ara mi rí i. Ẹ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ òjò. Ẹ wọkọ̀ jáde níbẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ Mọ́ńdè, kí ẹ mọ iye wákàtí tí ẹ máa fi débi iṣẹ́. Ẹ bi àwọn tó ń gbébẹ̀ léèrè omi, iná àti iye ìgbà tí wọ́n sanwó fún ọmọ onílẹ̀. Ẹ yẹ ìwé wò l'Abẹ́òkúta kí kọ́bọ̀ tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì sanwó ilẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ gbé yín lọ wò ó.